Aṣọ bàálù fúyẹ́ ní Ìkòròdú: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀

Nígbà tí egungun bàálù bá ti dúró tán, tí ìyẹ́ méjèèjì wà lórí tábìlì, tí nọ́ọ̀tì kan ò sì mì mọ́, aṣọ tí a fi ń bo gbogbo rẹ̀ ló kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń béèrè pé èló ni yáàdì kan. Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, nítorí aṣọ bàálù gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Polyester ni púpọ̀ nínú wọn, láti ìgbà tó ti lé owú àti linen kúrò lára bàálù kéékèèké. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ àti ọ̀dà tí a ń kùn lé e ló yàtọ̀. Ní ẹ̀bá ọ̀sà bíi tiwa yìí, láti Ìpàkodò dé Ìjẹ̀dẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bá yín yàn, kí owó tó dá sí i.

Bàálù oníjókòó kan ni mo ní lọ́kàn, irú èyí tí òfin Part 103 ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, sọ pé kò gbọdọ̀ wúwo tó 254 lb láìka epo, ìyẹn nǹkan bíi kílò 115. Nínú kílò 115, agolo ọ̀dà méjì tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Òfin Amẹ́ríkà kò sì bo ẹnikẹ́ni níbí o. NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, ni kí ẹ lọ bá kí táyà tó kúrò nílẹ̀.

Aṣọ ọjà ńkọ́?

Kò sí ẹni tó rí férémù bàálù tí kì í béèrè èyí: "Ṣebí polyester náà ni láíníìnì inú aṣọ tí wọ́n ń tà ní ọjà Sábó?" Polyester ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó hun aṣọ ọjà ti fi iná mú un súnkì tán kó tó dé ọwọ́ yín, kó má bàa súnkì mọ́ yín lára lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Aṣọ bàálù kò tíì rí irú iná bẹ́ẹ̀. Súnkì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ohun tí ẹ sì ń fi owó rà gan-an nìyẹn.

Ẹni tí kò bá gbà, kó dán an wò. Ẹ fi igi kan férémù méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó rúlà kan níbùú àti lóròó. Ẹ lẹ láíníìnì mọ́ ọ̀kan, kí ẹ lẹ aṣọ bàálù mọ́ èkejì, kí méjèèjì dẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Lórí aṣọ bàálù, ìhunjọ á máa sá níwájú áyọ́ọ̀nù bí ẹ ṣe ń gbé e lọ, títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi le. Ẹ fi ìka ta á, á dún bí awọ gángan. Lórí láíníìnì, ìhunjọ á lọ nígbà tó bá gbóná, á sì padà dé nígbà tó bá tutù. Tí ẹ bá bínú fi kún iná, ojú rẹ̀ á pọ́n, lẹ́yìn náà á lu.

Tapólì àti aṣọ agboòrùn, ẹ má jẹ́ ká lo àkókò lé wọn lórí. Ọ̀kan wúwo jù, èkejì kò sẹ́ni tó mọ agbára rẹ̀.

Ọ̀nà àwọn àgbà: gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà oní-tínà

Dope, ọ̀dà oní-tínà tó ń fa aṣọ le bó ṣe ń gbẹ, ló pẹ́ jù. Nitrate dope máa ń lẹ̀ mọ́ polyester dáadáa, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í dúró gbọ́ ẹjọ́. Butyrate dope kò jóná tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í di polyester mú dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ́kọ́ kun nitrate kí wọ́n tó fi butyrate bò ó. Aburú dope míràn ni pé bó ṣe ń gbó ló ń fà sí i. Lára bàálù onígi tó nípọn, ó lè fà bó ṣe fẹ́. Lára páìpù alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ ti bàálù fúyẹ́, ẹ lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹ rí i pé etí ẹ̀yìn ìyẹ́ ti wọ́. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni níbí fi máa yan dope lónìí.

Poly-Fiber, tí Ray Stits bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sàn jù ú lọ lọ́nà tó pọ̀. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni Poly-Tak. Tí aṣọ bá ti le tán, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun Poly-Brush tó pupa rẹ́súrẹ́sú wọ inú òwú, ẹ ó fín Poly-Spray tó ní lúbúlúbú alumíníọ̀mù láti dí ojú oòrùn, àwọ̀ tó wù yín á wá kẹ́yìn. Ọ̀dà rẹ̀ kì í fa aṣọ, kò sì rọrùn fún iná láti máa jó o lọ lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni àtúnṣe: bó ti wù kí ó pẹ́ tó, MEK, tínà líle kan, á rọ ọ̀dà ibi tó ya, ẹ ó nù ún kúrò, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù kan náà lẹ èèpá tuntun. Ọmọ tó fi bọ́ọ̀lù lu ìyẹ́ yín kò tíì ba ayé jẹ́.

Ọ̀rinrin wá ni ìjà rẹ̀. Bí tínà bá ṣe ń gbẹ kúrò lójú aṣọ, ó ń kó ooru ibẹ̀ lọ. Ojú aṣọ á tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ, omi inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sí i, ọ̀dà á sì gbẹ mọ́ omi yẹn lórí. Ẹ ó rí i tó ń funfun bálabàla. Àwọn tó ń kun mọ́tò lójú ọ̀nà Ṣàgámù mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í gbé ìbọn ọ̀dà lọ́wọ́ nígbà tí òjò bá ṣú. Lára mọ́tò, wọ́n á yọ́ ọ kùn kí ó tún dán. Lára aṣọ bàálù, ibi tó funfun yẹn kò lágbára, kò sì ní dáàbò bo òwú bó ṣe yẹ. Tínà tó ń lọ́ra gbẹ máa ń dín in kù, kì í pa á run.

Ní àárọ̀ Ìkòròdú, ọ̀rinrin sábà máa ń kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá yan Poly-Fiber ti yan ọyẹ́ nìyẹn: ìparí December sí January, láti bí aago mọ́kànlá tí ìrì bá ti gbẹ dé ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́ náà sì ń gbé eruku bọ̀ láti òkè ọya, tó máa ń wá lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ẹ fi ọ̀rá yí ṣẹ́ẹ̀dì ká, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ díẹ̀ kí ẹ má bàa dá ọ̀rinrin míràn sílẹ̀.

Ẹ̀rù tó bà mí jù lórí ọ̀nà yìí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rinrin. Ooru MEK wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń gbà rìn, ó sì lè gbiná kódà nígbà tó tutù bí omi yìnyín. Nínú ọgbà tí a pọ̀ sí, tí ìyàwó ilé kan ń dín àkàrà lẹ́yìn ògiri, tí jẹnẹrétọ̀ ẹlòmíràn ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣí agolo Poly-Tak. Ẹ lọ wá ilẹ̀ gbalasa. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà Kòrónà kì í dá ooru tínà dúró. Èyí tó ní agolo èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ tún rántí pé MEK ń jẹ ọ̀dà lásán. Páìpù àti igi tí ẹ fẹ́ lẹ aṣọ mọ́, ọ̀dà epoxy ni kí ẹ fi kùn ún tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gọ́ọ̀mù á ṣí ọ̀dà náà, aṣọ á wá di ohun tó lẹ̀ mọ́ èèpo.

Ọ̀nà olómi

Stewart Systems ló gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀nà yìí. Omi ló rọ́pò tínà nínú gọ́ọ̀mù àti nínú ọ̀dà tó ń dí ojú oòrùn. Ẹ kun gọ́ọ̀mù sára férémù àti sára aṣọ, kí ó gbẹ, kí ẹ tó wá fi áyọ́ọ̀nù mú méjèèjì so pọ̀. Tí aṣọ bá wọ́, ẹ tún fi iná sí i, ẹ ṣí i, ẹ tún un lẹ̀. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí máa mọrírì èyí gan-an, torí gọ́ọ̀mù oní-tínà kì í fún èèyàn ní ìṣẹ́jú púpọ̀ kó tó mú.

Kò sí funfun bálabàla nínú rẹ̀, ewu iná rẹ̀ sì kéré. Ọ̀rinrin ṣì máa ń bá a fà á: omi kì í tètè gbẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti mu omi yó. Ọ̀dà tó yẹ kó gbẹ kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán lè dúró di ìrọ̀lẹ́, tó bá sì pọ̀ jù lójú kan á ṣàn wálẹ̀. Ẹ kùn ún tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tan fáànù sí inú ṣẹ́ẹ̀dì, ẹ má kánjú. Àwọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ní kẹ́míkà tó ń mú un le, omi inú rẹ̀ kò sì ní kí ẹ bọ́ ìbòmú sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fín in. Àwọ̀ líle yẹn náà ló mú àtúnṣe rẹ̀ ṣòro ju ti Poly-Fiber lọ. Ẹ ó fi sáńpépà họ ọ́ kí ẹ tó lè lẹ èèpá.

Oratex: aṣọ tó ti wọ ọ̀dà wá láti ilé

Ilé iṣẹ́ Lanitz ní Jámánì ló ń ṣe é. Àwọ̀ àti ààbò oòrùn ti wà lára aṣọ náà kó tó jáde nínú rólù. Ẹ ó kun gọ́ọ̀mù olómi rẹ̀, ẹ ó lẹ̀ ẹ́, ẹ ó fi iná mú un le, iṣẹ́ parí. Kò sí ìbọn ọ̀dà, kò sí kọ̀mpirẹ́sọ̀, kò sí dídúró de ọyẹ́. Nínú oṣù June tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ lè máa wọṣọ fún ìyẹ́ yín nínú ilé. Ó tún fúyẹ́, nítorí gbogbo ọ̀dà tí àwọn tó kù ń kó jọ kò sí lára rẹ̀.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Rólù rẹ̀ wọ́n gan-an ju polyester lásán lọ. Àmọ́ kí ẹ tó bínú pa ìwé iye owó dé, ẹ ṣírò ti Poly-Fiber náà: Poly-Brush, Poly-Spray, àwọ̀, tínà, kọ̀mpirẹ́sọ̀, owó ọkọ̀ ojú omi tó máa kó wọn dé Àpápá. Nígbà tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí ẹgbẹ́ kan, àlàfo náà kì í fẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Àléébù rẹ̀ tó dùn mí ni pé kì í bo àṣìṣe. Ibi tí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé wọ́gọwọ̀gọ, bẹ́ẹ̀ ni ayé á ṣe máa rí i, nítorí kò sí ọ̀dà tó máa wá bò ó.

Àpò rírán

Àwọn bàálù bíi Quicksilver kì í lo gọ́ọ̀mù rárá. Aṣọ ìgbòkun Dacron ni wọ́n rán bí àpò, tí a ń fà wọ páìpù, tí a sì ń fi okùn fún un. Aṣọ yìí kì í súnkì. Okùn àti páìpù ló ń mú un le. Kò sí ọ̀rinrin tó lè dí yín lọ́wọ́, ẹ sì lè bọ́ ọ, kí ẹ ká a, kí ẹ gbé e wọlé.

Ọ̀tá rẹ̀ ni oòrùn. Kò ní ọ̀dà tó ń bò ó, oòrùn wa níbí sì ń dúró sí àárín orí gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tí kò ní ṣẹ́ẹ̀dì tó bo bàálù rẹ̀ látòkè délẹ̀, kó má yan àpò. Bàálù tí wọ́n kò sì yà fún àpò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má rán àpò fún un.

Ẹ ṣọ́ òwú pẹ̀lú. Mo bá ìyá aránṣọ kan ní Ìgbógbó sọ̀rọ̀ nípa èyí:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òwú yìí. Oòrùn á jẹ ẹ́."

"Ọmọ mi, òun la fi ń rán kọ́tìnì, kò já rí."

"Inú ilé ni kọ́tìnì wà, Mà. Ìta lèyí ń lọ."

"Ó dáa, mú tìẹ wá. Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ mi má kán o."

Abẹ́rẹ́ kò kán. Òwú polyester tí wọ́n ṣe fún oòrùn ni, ọ̀nà wọ́gọwọ̀gọ ni ó sì rán an gbà, bí wọ́n ṣe ń rán ìgbòkun.

Ọ̀dà emulsion ilé ńkọ́?

Àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè máa ń fi ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ara ilé bo polyester bàálù fúyẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ kun dúdú láti dí oòrùn. Ó dín owó kù gan-an, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Ìṣòro mi pẹ̀lú rẹ̀ níhìn-ín ni pé ó wúwo tí ọwọ́ kò bá fúyẹ́, ooru máa ń mú un rọ̀ tí eruku fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, àti pé inú agolo tí ẹ bá rà kò dájú. Bí ẹ bá máa ṣe é, kí ó jẹ́ ojúlówó ti ìta ilé tó rọ̀ tó ń tẹ̀. Texcote ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, bàálù ni o, kì í ṣe fẹ́ǹsì.

| | Poly-Fiber | Stewart | Oratex | Àpò Dacron |
|---|---|---|---|---|
| Ọ̀rinrin | ń bà á jẹ́ | ń fa gbígbẹ gùn | kò ní í lára púpọ̀ | kò ní í lára |
| Ewu iná | púpọ̀ | kékeré | kékeré | kò sí |
| Àtúnṣe | ó rọrùn jù | ó gba híhọ | èèpá àti iná | ẹ tún un rán |
| Gbígbé wọlé | ọkọ̀ ojú omi | ó rọrùn díẹ̀ | nínú ẹrù yín | nínú ẹrù yín |

Lórí ìlà tó kẹ́yìn yẹn: gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà oní-tínà jẹ́ ẹrù eléwu fún ọkọ̀ òfúrufú, ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè kò lè fi sínú báàgì. Ẹ lè rí MEK ní ọjà kẹ́míkà Òjọ́ta, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí Poly-Tak níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù oníbàtà rọ́pò rẹ̀ fún yín.

Tí ó bá jẹ́ èmi, tí owó bá wà, Oratex ni. Tí kò bá tó, Stewart. Poly-Fiber wà fún ẹni tó ní ilẹ̀ gbalasa lápá Ìmọ̀tà tàbí Àgbówà, tó sì lè fi sùúrù dúró de ọyẹ́.

Áyọ́ọ̀nù àti iná

Ohun tí wọ́n kọ sára áyọ́ọ̀nù kì í ṣe ìwọ̀n ooru. Ẹ fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Poly-Fiber máa ń gòkè ní ìpele: bíi 107°C, lẹ́yìn náà 121°C, kí ó tó parí sí 177°C. Tí ẹ bá kọjá ibẹ̀ jìnnà, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, dídẹ̀ yẹn kì í sì í ní àtúnṣe. Ní nǹkan bíi 250°C ó ti ń yọ́. Àwọn kan lára àwọn tó ya bàálù fúyẹ́ máa ń ní kí ẹ dúró kí ẹ tó dé ìpele tó ga jù, torí páìpù wọn kò lè gba fífà náà. Ìwé àwòrán bàálù yín ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe èmi. Ẹ máa yí ìyẹ́ padà: orí díẹ̀, abẹ́ díẹ̀, kí apá kan má fa férémù wọ́. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí àwọn oní-tíńtì fi ń lẹ gíláàsì mọ́tò kò dára fún èyí, ooru rẹ̀ kì í dọ́gba.

Áyọ́ọ̀nù 1000 W kò sì ṣeé gbé lé jẹnẹrétọ̀ "I pass my neighbour". Á kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní àárín ìyẹ́. Ẹ ṣètò jẹnẹrétọ̀ tó tóbi, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba.

Gọ́ọ̀mù nìkan kò tó

Afẹ́fẹ́ orí ìyẹ́ ló ń fa bàálù sókè, aṣọ orí ló sì kọ́kọ́ ń fà. Tí ìyẹ́ bá fò, aṣọ náà fẹ́ kúrò lára egungun ìhà. Okùn tí a fi abẹ́rẹ́ gígùn rán yí ìhà po, rífẹ́ẹ̀tì, tàbí ìdè, èyíkéyìí tí ìwé àwòrán bá sọ, ẹ fi sí i, kí ẹ sì tò ó súnmọ́ra níbi tí afẹ́fẹ́ pùròpẹ́là ń fẹ́ sí.

Ẹ lu ihò tí omi máa gbà jáde sí ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú àlàfo kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn ará Àgbádárìgì, èyí kì í ṣe àbá: iyọ̀ òkun ń bá afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń dúró sínú ìyẹ́, ó ń jẹ páìpù níbi tí ojú kò tó.

Tí ẹ bá lo Poly-Spray, ẹ dúró di alẹ́ tí NEPA bá mú iná, ohun tí a kì í wá tì. Ẹ ti tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ìyẹ́, ẹ wo láti ìta. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, oòrùn náà á yọ.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbó?

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń wọ aṣọ, ẹ wọ férémù igi kan pẹ̀lú, aṣọ kan náà, ọ̀dà kan náà, iye ìgbà kan náà. Ẹ gbé e sí orí páànù, kí ojú rẹ̀ kọjú sí oòrùn. Ẹ tún gé ìlà aṣọ kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 25 nínú ohun tó kù, ẹ so àpò píọ̀ wọ́tà kọ́ ọ. Àpò kan tó ní ọ̀rá ogún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, jẹ́ nǹkan bíi kílò 10. Ẹ máa fi ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kún un títí ìlà náà á fi já. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ o. Ẹ kọ iye tó gbé sílẹ̀.

Ní ọdọọdún, ẹ gé ìlà míràn lára férémù orí páànù, kí ẹ tún un ṣe. Ìwé AC 43.13-1B ti FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Amẹ́ríkà, gba kí owú bàálù Grade A, tó gbọ́dọ̀ gbé 80 lb fún íǹṣì kan nígbà tó wà ní tuntun, gbó dé 56 lb, ìyẹn ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá kan náà ni mo máa ń lò fún polyester tiwa. Bí ìlà ọdún yìí bá já kó tó gbé ìdá 70 ohun tí ti ọjọ́ àkọ́kọ́ gbé, bàálù náà kò gbọdọ̀ fò mọ́ títí ẹ ó fi bọ́ aṣọ rẹ̀.